Àyẹ̀wò: kápúsù olú pupa tí wọ́n ń polówó bíi "ketamine àdáyébá"

Ike kékeré ni, kápúsù inú rẹ̀ kún fún lúbúlúbú olú gbígbẹ: Amanita muscaria, olú olórí pupa tó ní àmì funfun káàkiri. Àwọn tó ń tà á sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ bíi ketamine (oògùn tí àwọn dókítà ń lò kí aláìsàn má bàa mọ ìrora iṣẹ́ abẹ), pé kò sì léwu nítorí pé inú igbó ló ti wá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe òótọ́. Máàkì 1 nínú 5 ni mo fún un, ẹyọ kan yẹn sì jẹ́ ti àwọn olùtajà díẹ̀ tó ń gbé ìwé àyẹ̀wò láàbù síta.

Lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n ń pè ní NMDA. Glutamate, èròjà tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń ṣe, ló ń ṣí i. Ketamine a wọ àárín ilẹ̀kùn náà, a sì dí i pa. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi lè lajú sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, síbẹ̀ kó má mọ̀ pé ara òun ni ọ̀bẹ wà. Èròjà méjì ló gbajúmọ̀ nínú olú pupa. Ibotenic acid jọ glutamate débi pé òun náà ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn ni: ohun tó ń ṣe lòdì pátápátá sí ti ketamine. Muscimol, ìyẹn èkejì, kò kan NMDA, GABA-A, ilẹ̀kùn mìíràn tó ń mú kí ọpọlọ rọlẹ̀, ló ń bá ṣiṣẹ́, ó sì ń fa oorun àti àlá tó rí rúdurùdu. Ẹni tó pe èyí ní ketamine kò mọ ohun tó ń tà.

Bí olú bá ń gbẹ, tàbí tí wọ́n fi iná sí i, ibotenic acid a máa di muscimol, ṣùgbọ́n kì í di tán. Olú méjì tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pàápàá kì í ní ìwọ̀n kan náà. Nítorí náà, "500 mg" tí ẹ bá rí lára ike, ìwọ̀n lúbúlúbú ni, kò sọ iye èròjà inú rẹ̀. Ibi tí ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ẹni tó gbé kápúsù kan mì kò ní rí nǹkan kan fún bí ìdajì wákàtí, á fi òmíràn lé e, á tún fi òmíràn lé e. Kó tó tó wákàtí méjì, gbogbo rẹ̀ á dé pọ̀: èébì, iyè tó rá, gìrì, oorun tí wọ́n á jí i títí tí kò ní jí.

Ṣé a wá lè rí oògùn tó ń ṣe bíi ketamine nínú ohun ẹlẹ́mìí? A lè rí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ike yìí. Ewé Salvia divinorum ti àwọn ẹ̀yà Mazatec ní Oaxaca, ní Mẹ́síkò, ní salvinorin A, tó ń mú kó dà bíi pé ọkàn ènìyàn ti kúrò lára rẹ̀ gan-an. Àmọ́ ojú ọ̀nà kappa, ilẹ̀kùn mìíràn nínú ọpọlọ, ló ń gbà, bí ìwádìí ọdún 2002 ṣe fi hàn. Ẹ má ka "10x" tàbí "20x" (pé agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá tàbí ogún) tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀ sí, nítorí kò sí ewé kan tí gbogbo wọn fi ṣe òṣùwọ̀n. Èèpo gbòǹgbò iboga, igi kékeré kan láti Gábọ̀n, ní ibogaine, èyí tó ń dí NMDA lóòótọ́. Ó tún ń da ìlù ọkàn rú, ó sì ti pa ènìyàn. Oró ìgbín òkun Conus geographus ní conantokin-G, tí òun náà ń dí NMDA. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Brazil kọ ọ́ pé àwọn rí ketamine fúnra rẹ̀ lára Pochonia chlamydosporia, olú tíńtín inú ilẹ̀ tó ń jẹ ẹyin aràn. Ìwádìí kan ṣoṣo kò tíì tó fún mi láti gbà á tán. Láàbù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ketamine tí àwọn dókítà ń lò, ní 1962.

Bí ẹ bá rí ìwé àyẹ̀wò, ẹ wo nọ́ńbà ìpele ọjà tó wà nínú rẹ̀ bóyá ó bá ti ara ike mu. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ka ibotenic acid àti muscimol lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní mílígíráàmù fún kápúsù kan. Ìwé tó kàn kọ "olú mímọ́" kò sọ nǹkan kan. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n wá ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀: ní 2024, wọ́n bá pregabalin, oògùn gìrì àti ìrora iṣan, nínú ṣokoléètì olú kan ní Amẹ́ríkà, kò sì sí lára àkọlé rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, sọ pé olú pupa yìí àti muscimol kò yẹ nínú oúnjẹ.

Bí ẹnì kan bá ti lò ó tí kò ṣeé jí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má bàa há a lọ́fun, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ mú ike náà dání, kí ẹ sì sọ iye kápúsù tó lò, nítorí àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n sábà máa ń ṣe kì í rí muscimol.