Àyẹ̀wò Amazon S3: ìpamọ́ tó ṣeé fọkàn tán, owó tó yẹ ká ṣọ́

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń tà lórí cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà àti ìpamọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí a ń yá lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Amazon S3 ni mo máa ń ní kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí cloud ṣe ń ṣiṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí ènìyàn ń fi í ṣe kò lọ́jú pọ̀ rárá: a ó gbé fáìlì sí i, a ó mú un jáde nígbà tí a bá fẹ́ ẹ, a ó sì pa á rẹ́ nígbà tí kò bá wúlò mọ́. Oṣù Kẹta ọdún 2006 ni Amazon ṣí i sílẹ̀, ṣáájú EC2 tí wọ́n fi ń yá kọ̀ǹpútà lò, èyí tó dé ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó ẹ̀dà àwọn iṣẹ́ mi síbẹ̀, mo sì fọkàn tán an gidigidi ní ti ìpamọ́. Ní ti owó ni mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Fáìlì tí a bá fi ránṣẹ́ sí S3 á gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí àwọn ilé ńláńlá tí Amazon kó kọ̀ǹpútà àti dísìkì kún, tí wọ́n pín sí agbègbè káàkiri ayé, oníbàárà ló sì ń yan agbègbè tó fẹ́. Wọn kì í kó fáìlì náà sí ojú kan. S3 á gé e sí ègé, á fi ìṣirò ṣe àfikún ègé mìíràn láti ara wọn, á wá fọ́n gbogbo rẹ̀ ká sí ibùdó mẹ́ta ó kéré tán nínú agbègbè náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ètò iná mànàmáná àti ìsopọ̀ tirẹ̀, débi pé bí dísìkì mélòó kan bá bàjẹ́, tàbí bí iná bá jó odindi ibùdó kan, ègé tó kù á tó láti fi tún fáìlì náà tò pọ̀ láìdín. Lórí èyí ni Amazon dúró tí wọ́n fi sọ pé wọ́n ṣe S3 kí ìpamọ́ rẹ̀ dé ìdá 99.999999999 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá kó fáìlì mílíọ̀nù 10 síbẹ̀ lè retí kí ẹyọ kan ṣoṣo sọnù láàárín ọdún 10,000. Kò sí dísìkì tí ènìyàn lè dá rà sílé tó súnmọ́ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí fáìlì má sọnù yàtọ̀ sí kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nígbàkígbà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2017, òṣìṣẹ́ Amazon kan tó ń wá ojútùú sí ìṣòro kan nínú ètò ìṣirò owó S3 ní agbègbè Àríwá Virginia tẹ àṣẹ kan lódì, kọ̀ǹpútà tó pọ̀ ju èyí tó ní lọ́kàn lọ sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Fún bíi wákàtí mẹ́rin, ọ̀pọ̀ ìkànnì tó gbára lé S3 kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Amazon fúnra wọn kọ àlàyé náà síta, wọ́n sì tún irinṣẹ́ náà ṣe kí ó má lè yọ kọ̀ǹpútà kúrò lọ́nà bẹ́ẹ̀ mọ́, èyí tí mo gbóríyìn fún wọn lé lórí. Síbẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró ní láti fi ẹ̀dà sí agbègbè kejì, owó ara rẹ̀ ni yóò sì fi ṣe é.

Dísìkì kan náà ni ọ̀pọ̀ oníbàárà jọ ń lò láìrí ohun tó jẹ́ ti ara wọn, bí ó ti rí gan-an ní EC2, níbi tí sọ́fítíwia kan ti ń pín kọ̀ǹpútà ńlá kan sí kéékèèké fún àwọn ayálò. Àjùmọ̀lò yìí ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti máa san iye tí a bá lò nìkan, bí ìgbà tí mítà ń ka iná, láìsí pé a kọ́kọ́ ra ohunkóhun.

Ibi tí mítà náà ti ń yára ni ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ní Àríwá Virginia, ìpamọ́ gígábáìtì kan jẹ́ sẹ́ńtì 2.3 dọ́là Amẹ́ríkà lóṣù. Gbígbé e wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀fẹ́. Mímú un jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn gígábáìtì 100 tí wọ́n fi tọrẹ lóṣù, jẹ́ sẹ́ńtì 9. Kí a mú fáìlì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìpamọ́ oṣù mẹ́rin. Mi ò rí ìdí tí àlàfo náà fi ní láti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024, Amazon kì í gba owó yìí mọ́ lọ́wọ́ oníbàárà tó bá fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ kúrò pátápátá, tó sì béèrè fún ìdáríjì náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ ṣì ń san án.

Ní ti ààbò, ó ti dára ju ti àtijọ́ lọ. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń fi kóòdù ìkọ̀kọ̀ bo gbogbo fáìlì tuntun láìjẹ́ pé a béèrè, tí bucket tuntun, ìyẹn ibi tí a ń kó fáìlì sí, sì máa ń wà ní títì sí gbogbo ayé. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ ṣí i, ọrùn ara rẹ̀ ló wà.

Fún ẹ̀dà ìpamọ́ àti àwọn ohun tí a kì í sábà mú jáde, mi ò mọ èyí tí mo lè fi síwájú S3. Ẹni tó bá ń fi fídíò tàbí àwòrán ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lójoojúmọ́ yẹ kó kọ́kọ́ wo R2, iṣẹ́ ìpamọ́ irú rẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ Cloudflare ń tà, tí kì í gba owó mímú fáìlì jáde, tó sì gba ọ̀pọ̀ àṣẹ kan náà tí S3 ń gbà. Èyí ó wù kí ẹ mú, tí ẹ bá ń lo Amazon, ẹ ṣètò ìkìlọ̀ ìnáwó nínú AWS Budgets, irinṣẹ́ tí Amazon ṣe fún ṣíṣọ́ owó cloud wọn, kí ẹ tó gbé fáìlì àkọ́kọ́ wọlé, kí ẹ sì mọ̀ pé ìkìlọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í dá ìnáwó dúró.