Kraus, Saint-Georges, Vanhal: àwo tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ àtèyí tẹ́ ẹ lè fò

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mò ń lọ kó má di pé mò ń yí yín po: tó bá jẹ́ àwo kan péré lẹ máa gbọ́ nínú orin kilásíìkì ìgbà ayé Mozart, èyí tí kì í ṣe ti Mozart tí kì í sì í ṣe ti Haydn, ẹ gbé ti Kraus. Joseph Martin Kraus. Swedish Chamber Orchestra ló ṣeré ẹ̀, Petter Sundkvist ló darí wọn, ilé iṣẹ́ àwo Naxos ló gbé e jáde, àwo mẹ́rin ni wọ́n pín àwọn sínfónì ẹ̀ sí, ìyẹn orin gígùn alápá-alápá tí ọ́kẹ́sítírà máa ń kọ. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná kẹ́ ẹ tó kan Saint-Georges tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ wá fi Vanhal tẹ̀ lé e. Ìyókù, à ń bọ̀ wá sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, téèyàn bá ti dárúkọ músíìkì kilásíìkì, ohun tó ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni orin tí wọ́n ń kọ síni létí lórí fóònù nígbà tí wọ́n bá ní kéèyàn ṣì dúró ná, tàbí kẹ̀ èyí tí kóòrù ń kọ nígbà Kérésì. Ìyẹn ò burú, àmọ́ ẹnu ọ̀nà lásán nìyẹn. Láàárín 1760 sí 1800 àwọn tó ń kọ sínfónì àti kọnsẹ́tò (orin tí ohun èlò kan ti ń ṣíwájú tí ọ́kẹ́sítírà ń gbè é) ní Yúróòpù pọ̀ bí eṣú, wọ́n lókìkí, àwọn ọba ń sanwó fún wọn, wọ́n ń tẹ ìwé orin wọn ní Paris ní London ní Vienna, ìgbà tí wọ́n kú tán ni gbogbo ẹ̀ wọ àká lọ, tó wá ku Mozart àti Haydn nìkan tí wọ́n ń kọ lákọtúnkọ. Kì í kúkú ṣe pé àwọn tó kù ò mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ rí i, sínfónì ò ṣeé kọ bí ìwé ò bá sí níwájú ẹni kọ̀ọ̀kan, ti fayolíìnì lọ́tọ̀, ti fèrè lọ́tọ̀, ti ìlù lọ́tọ̀, tẹ́nì kan ò bá sì jókòó tún ìwé àfọwọ́kọ yẹn kọ, kó yọ àṣìṣe inú ẹ̀ kúrò, orin yẹn ti kú nìyẹn. Klaus Heymann tó dá Naxos sílẹ̀ ní Hong Kong ní 1987, òun àti ọ̀mọ̀wé kan ní New Zealand tó ń jẹ́ Allan Badley ló dá Artaria Editions sílẹ̀ ní 1995, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé dání gan-an nìyẹn, kí wọ́n máa lọ kó ìwé orin jáde nínú láíbìrì kí wọ́n tún un ṣe fún àwọn tó máa lò ó. Lẹ́yìn náà wọ́n á wá ọ́kẹ́sítírà kékeré kan, ogún èèyàn, ọgbọ̀n, ogójì, tí owó ẹ̀ ò ní ga ju ara lọ. Bí wọ́n ṣe ń ta àwo olówó pọ́ọ́kú nìyẹn. Èmi ò sì rò pé kékeré yẹn pa orin náà lára rárá, òun gan-an ló gbà á là.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá ti gbọ́ bàtá rí mọ̀ pé tí omele bá pọ̀ jù, tí gbogbo ẹ̀ ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ máa di ariwo lásán. Bí wọ́n ṣe ń fi ọ́kẹ́sítírà ńlá ọgọ́rin èèyàn kọ orin ayé Haydn láyé àtijọ́ nìyẹn, ó ń dún rèǹtè-rente, ó tóbi, àmọ́ etí ò lè mú nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn ará Swedish Chamber Orchestra yìí, ìlú Örebro ni wọ́n wà, wọn ò pé ogójì. Ẹ fi íapíìsì sí etí méjèèjì kẹ́ ẹ gbọ́ sínfónì Kraus tí wọ́n ń pè ní VB 142, nọ́ńbà ẹ̀ nínú àkójọ iṣẹ́ Kraus nìyẹn, èyí tó kọ ní 1783, ohùn C minor. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ falẹ̀, ohùn kan á gun orí èkejì, wọ́n á máa fara gbora, kò dùn lọ bẹ́ẹ̀ kò sì korò lọ, ó ń ro èèyàn nínú ṣá, kó tó di pé ó kàn já síwájú lójijì, tí fayolíìnì kejì ń gbọ̀n lábẹ́ tí ti àkọ́kọ́ ń pariwo lókè. Ẹ máa gbọ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fèrè ìwo mẹ́rin ló wà ńbẹ̀, méjì ni àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sábà máa ń lò, ẹ sì máa mọ̀ ọ́n lára nígbà tí wọ́n bá gbé e lé e. Apá mẹ́ta péré ni, kò sí orin ijó tí wọ́n sábà máa ń sọ sáàárín, kò sí eré, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ó le kankan.

Ọdún kan náà ni wọ́n bí òun àti Mozart, 1756, ní Miltenberg ní Jámánì. Stockholm ní Sweden ló lọ wáṣẹ́ sí, ó jìyà díẹ̀ kó tó rọ́wọ́ mú, ọba Gustav Kẹta wá gbà á, ó tún fowó rán an kó lọ yíká Yúróòpù kó lọ wo báwọn èèyàn ṣe ń ṣe é. Ọba yìí náà ni wọ́n yìnbọn fún níbi ijó aṣọ ìbojú ní ilé ọ́pẹ́rà ní oṣù kẹta 1792, kò sì kú lójú ẹsẹ̀, ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kraus ló kọ orin ìsìnkú ẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, ní oṣù kejìlá, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti pa òun náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì.

Orin ìsìnkú yẹn, Symphonie funèbre, wà nínú àwo mẹ́rin yìí, ẹ má fò ó. Ìlù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n daṣọ bò ó lójú kí ohùn ẹ̀ lè wúwo kó má là, ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Àbúrò mi kan wà tó ń fọn trombone nínú fanfáà, àwọn tẹ́ ẹ máa ń rí níbi òkú káàkiri Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, mi ò sọ nǹkan kan fún un mo kàn tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pé kó gbọ́. Ó ń gbọ́ ó ń gbọ́, ó ní, "Bùrọ̀dá, òkú ta nìyí?" Mo ní òkú ọba ni. Ó ní òun ti rò bẹ́ẹ̀, torí fún òkú tiwa, ìlù kì í dá sọ̀rọ̀ pẹ́ tó yẹn kí fèrè tó wọlé, àwọn ẹbí á ti máa bínú pé ṣé owó ìlù nìkan làwọn san ni. Apá mẹ́rin ni, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń falẹ̀, orin ìsìnkú ìjọ àwọn ará Sweden wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ibi tó ti sáré. Tẹ́ ẹ bá ń dáná lọ́wọ́ ẹ má gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà á kàn sọ pé ó ń fa èèyàn lójú, ó fẹ́ kéèyàn jókòó tì í.

Ó wá kan Saint-Georges. Joseph Bologne lorúkọ ẹ̀ gan-an. Guadeloupe ni wọ́n bí i sí ní 1745, ìyá ẹ̀ tó ń jẹ́ Nanon ẹrú ni, ọmọ Áfíríkà ni ẹ̀yà ẹ̀, bàbá ẹ̀ òyìnbó olóko. Wọ́n mú un lọ sí Fránsì ní kékeré, ó di ẹni tó ń fi idà jà tí kò sẹ́ni tó ń fẹ́ kò ó, ó tún wá ń ta fayolíìnì. Nígbà tó di 1773 òun ló ń darí ọ́kẹ́sítírà Concert des Amateurs ní Paris, nígbà tíyẹn tú ó bọ́ sí Concert de la Loge Olympique, àwọn tó bẹ Haydn níṣẹ́ sínfónì mẹ́fà, nọ́ńbà 82 dé 87. Ní 1776 wọ́n fẹ́ kó wá máa darí Ọ́pẹ́rà Paris, àwọn obìnrin olórin kan níbẹ̀ kọ̀wé sí ayaba pé àwọn ò lè gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ aláwọ̀ dúdú, bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè é ní Mozart dúdú, ẹ jọ̀ọ́, ọdún mẹ́wàá ló fi ju Mozart lọ, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ ẹ̀.

Ní ti orin ẹ̀, mo máa sọ òótọ́ bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa bínú. Apá àárín àwọn kọnsẹ́tò ẹ̀, èyí tó máa ń falẹ̀, mi ò mọ ohun tó dùn tó o nínú gbogbo orin fayolíìnì ìgbà yẹn, fayolíìnì á kàn máa gòkè lọ ní òun nìkan, ọ́kẹ́sítírà á rọra máa tì í lẹ́yìn bíi pé wọn ò fẹ́ jí i. Apá àkọ́kọ́ náà dáa, fayolíìnì ń gun òkè pátápátá níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kì í dé, ẹ máa mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tí ọwọ́ ara ẹ̀ lè ṣe. Ṣùgbọ́n apá ìparí, róńdò yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló jọra wọn, orin kan náà tó ń padà wá tó ń padà wá, tẹ́ ẹ bá gbọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra ẹ ò ní mọ ìkíní yàtọ̀ sí ìkẹta. Ẹ má gbọ́ àwo yẹn láti orí dé ìdí. Kọnsẹ́tò kan lójúmọ́ tó.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí Takako Nishizaki ta, pẹ̀lú Cologne Chamber Orchestra tí Helmut Müller-Brühl darí, Naxos náà ni. Ohùn fayolíìnì ẹ̀ mọ́, kò pariwo, kò ṣe fọ́rífọ́rí. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún mi ni pé ó níwà jù, ìgbà míì mo kàn fẹ́ kó gbàgbé ara ẹ̀ díẹ̀, ó ṣe tán ajàdà lọkùnrin yẹn. Naxos tún gbé òmíràn jáde lẹ́yìn ẹ̀, Fumika Mohri ló ta á, àwọn Czech Chamber Philharmonic ti Pardubice ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn yára díẹ̀ ó sì tún gbóná, àwọn ọ̀dọ́ á fẹ́ràn ìyẹn. Àwọn sínfónì ẹ̀ méjì ti 1779 kéré, àwọn ohun èlò olókùn, fèrè óbò méjì, ìwo méjì, ó tán. Mo máa ń fi síta tí àlejò bá wà nílé, kò sẹ́ni tó bínú sí i rí.

Vanhal, ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Johann Baptist Vanhal, Nechanice ní Bohemia, 1739. Inú oko ẹrú ilẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ìran ẹ̀ jẹ́ ti olúwa tó ni ilẹ̀, owó orin tó rí ló fi ra ara ẹ̀ padà. Ẹ gbọ́ ti Concerto Köln, àwọn yìí ò lo ohun èlò ayé òde òní, ìfun ẹran ni okùn fayolíìnì wọn, ohùn ẹ̀ gbẹ ó sì mú. Nínú sínfónì ẹ̀ tó wà ní ohùn G minor, wọ́n ń sáré bíi pé wọ́n ń lé wọn bọ̀. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ìyàwó mi ní kí n lọ gbọ́ ọ níta. Tó bá jẹ́ ẹnu fóònù lásán lẹ fẹ́ fi gbọ́ ọ ẹ má dán an wò, ó máa kàn máa han ni, ẹ ò ní gbọ́ báàsì kankan, báàsì yẹn sì ni gbogbo ìbínú orin ọ̀hún wà.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí wọn kọ́. Lọ́dọ̀ wa níbí kò sí ilé ìtajà tó ń tà á, ẹ má tan ara yín. Mo ní kí ẹnì kan bá mi rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù, àwo dé, páálí ẹ̀ mọ́ dáadáa, àwo inú ẹ̀ ti ha látìhín dọ́hùn-ún, wọ́n sì ní àwọn ò gba ọjà padà. Torí náà ẹ lọ sórí YouTube, ọ̀pọ̀ àwo Naxos ló wà ńbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti gé orin yẹn sí wẹ́wẹ́, apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ìpolówó ọjà lè wọlé sáàárín òkú ọba, ó dùn mí dé eegun. Ẹni tó ní mẹ́gà (dátà), kó fi òru gbé e sínú fóònù lórí áàpù téèyàn ń san owó oṣù fún, iná lè lọ nígbà tó bá fẹ́ lọ lẹ́yìn ìyẹn. Kẹ́ ẹ sì máa tẹ orúkọ ọ́kẹ́sítírà mọ́ orúkọ ẹni tó kọ orin, torí tẹ́ ẹ bá kàn tẹ "Kraus" lásán, Alison Krauss ló máa gbé jáde fún yín, orin ìgbèríko Amẹ́ríkà, òun náà dáa ṣá.

Àwọn Àgùdà wa, ìran àwọn tó dé láti Brazil, tó ń gbé eégún Bourian jáde, mo ní tiyín lọ́tọ̀: ẹ wá José Maurício Nunes Garcia, fádà aláwọ̀ dúdú ní Rio ní Brazil, 1767 sí 1830. Orin ìsìn ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀ àmọ́ ó kọ Sinfonia Fúnebre kan ní 1790, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti Kraus kẹ́ ẹ wo bí ọ̀nà wọn ṣe jìn síra.

Ó ku ọ́kẹ́sítírà London Mozart Players tí Matthias Bamert darí, ilé iṣẹ́ àwo Chandos ló gbé e jáde, àwọn yẹn ti kọ ọ̀pọ̀ àwo tán nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní Contemporaries of Mozart, Kozeluch, Pleyel, Krommer, Rosetti, gbogbo wọn ló wà ńbẹ̀. Kò sí àwo tó burú níbẹ̀, gbígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ dáa ju ti Naxos lọ, àmọ́ wọ́n kọ gbogbo wọn bákan náà ni, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ kan kí gbogbo àlejò. Krommer àti Rosetti ni kẹ́ ẹ gbé. Ti William Herschel wà ńbẹ̀ náà, ọkùnrin tó rí Uranus lójú ọ̀run ní 1781, olórin ni kó tó gbájú mọ́ ìràwọ̀, sínfónì mẹ́rìnlélógún ló kọ. Mo gbọ́ mẹ́fà tó wà lórí àwo yẹn tán. Ó ṣe dáadáa tó lọ wo ìràwọ̀, ẹ gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí YouTube, ẹ má ná fránkì kankan lé e.