Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wọn ẹ́ńjìnnì mi kó tó dárúkọ owó (Àgódí Gate, Ìbàdàn)

Oṣù mẹ́rin ni ọkọ̀ mi fi ń mu epo bí ẹni ń mu omi. Bí mo bá ra iṣu ní Bódìjà, tí mo wá fẹ́ gun òkè Mọ́kọ́lá, ṣe ló máa ń mí hẹlẹ. Mẹkáníìkì méjì ti gbowó lọ́wọ́ mi. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, pàbó ni.

Ọmọ iṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù yìí tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ki ẹnu aago kan tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ tó bọ ihò wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ní kí n máa bá òun ta kọ́kọ́rọ́. "Mọ̀mí, ẹ wo ọwọ́ aago o." Àkọ́kọ́, 165 psi (òṣùwọ̀n agbára fífún afẹ́fẹ́). Ìkejì, 160. Ìkẹta, 90! Ìkẹrin, 165. Ó wá fi ṣíbí ro ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kẹta, ó tún un wọ̀n: 140. "Ríìngì ló jẹ, mà, òrùka ara písítìnì, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú sílíńdà. Ọ́ìlì ló bá a dí àlàfo. Ká ní fáàfù, ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà, ló ń jò ni, kò ní gòkè báyìí." Inú mi dùn débi pé mo fún ọmọ náà lówó omi.

Ọ̀gá rẹ̀ ní kí n rántí ìbọn ọdẹ: ẹ̀tù tí wọn ò bá kì dáadáa, fùù ló máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni písítìnì ṣe gbọ́dọ̀ fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ kí iná tó ṣẹ́. Bó bá fún un dáadáa, ooru á fi agbára ti písítìnì. Bí kò bá fún un, ooru á bá èéfín jáde lásán. Ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ní Poli bá mi ṣírò rẹ̀. Lórí ìwé, ẹ́ńjìnnì tó fún afẹ́fẹ́ di ìdá kan nínú 8 lè sọ nǹkan bí 56 nínú 100 ooru epo di iṣẹ́. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú 10, ó di 60. Ti ojú títì kì í tó bẹ́ẹ̀ rárá, àmọ́ ibi kan náà ló dorí kọ.

Ibi tí wọ́n ti bí mi nínú nìyí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá fún mi pé àtúnṣe ọkọ̀ máa parí, ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gba ọkọ̀. Mo pe ọ̀gá títí, "mo wà lọ́nà, mọ̀mí," ó ń bẹ nílé! Mo wá gun Mọ́kọ́lá, ẹ́ńjìnnì ń dún kàn-kàn-kàn. Wọ́n ti fá ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà jù láìsọ fún mi, ni fífún bá di àfúnjù, epo wá ń gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀ mí lóòótọ́, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ọ́ìlì ilẹ̀, ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ tọ́ọ̀pù) tó nípọn sí i, kí fífún náà lè dín kù. Èmi ni mo ra gásíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún o.

Epo tó ń gbé mi ní ọjọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti ń gbé mi ní márùn-ún báyìí, ẹrù iṣu kan náà, òkè kan náà.

5 nínú 5. Ọ̀gá, owó gásíkẹ́ẹ̀tì mi ṣì wà lọ́wọ́ yín.