Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra àga sílé tuntun ní Ìkòròdú: ẹ wo inú rẹ̀ kí wọ́n tó fi aṣọ bò ó

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọnú ilé tí ẹ fi òógùn ojú yín kọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó san owó àga fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà nígboro wa yìí tó ń ta àga pálọ̀, bẹ́ẹ̀dì àti fóòmù fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Àga tó fi ń hàn yín dára. Èyí tó ń gbé wá sílé yín kò dára rárá.

Iṣẹ́ àga ni iṣẹ́ mi. Mo máa ń bọ́ aṣọ ara àga tó ti gbó, mo máa ń pààrọ̀ fóòmù, mo sì máa ń tún igi tó bá yẹ̀ kàn. Ìdí nìyẹn tí àga ọkùnrin yìí fi ń dé ọ̀dọ̀ mi léraléra, tí mo sì ń rí ohun tó kó sínú wọn. Mi ò kọ èyí kí ẹ lè wá rajà lọ́wọ́ mi o. Àtúnṣe ni mò ń ṣe, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta àga tuntun. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tí kò ní owó tí wọ́n lè sọ nù gan-an ni wọ́n ń bọ́ sí i lọ́wọ́: àwọn tó dá àjọ fún oṣù pípẹ́, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, àwọn tí owó ilé Ketu àti Maryland ti lé wá sí ọ̀dọ̀ wa níbí.

Mi ò dárúkọ rẹ̀ nítorí pé orúkọ tó wà lára pátákó rẹ̀ kì í pẹ́ yí padà. Ó ti pàtẹ ní Ágíríkì, ó ti pàtẹ lọ́nà Ìgbógbó, ẹni tó gbé àga wá fún mi láìpẹ́ yìí sì sọ pé Ọ̀dọ́gunyàn lòun ti bá a. Bí ẹ bá di orúkọ kan mú, orúkọ mìíràn ni yóò fi mú yín. Ọgbọ́n tó ń dá ni kò yí padà, òun ni kí ẹ dá mọ̀. Ó sì ti ń ní àwọn tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ títì ló máa ń pàtẹ sí, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ti ń já èrò, kí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lè rí i. Ó tún ń gbé àwòrán sórí Facebook àti WhatsApp. Iye tó ń pè kéré sí ti àwọn tó kù, ṣùgbọ́n kò kéré débi tí ẹ ó fi fura. Ẹ ó jókòó sórí àga náà, ẹ ó rí i pé ó gbé yín, igi rẹ̀ kò mì, aṣọ rẹ̀ nípọn. Ìgbà tí ẹ bá ti fẹ́ẹ́ sanwó ni yóò wá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnìkan ti sanwó èyí o. Ṣùgbọ́n a ó ṣe irú ẹ̀ gan-an fún yín, ẹ ṣáà mú àwọ̀ tó bá wù yín." Kò sí ẹni tó ti sanwó rẹ̀. Àga yẹn kan náà ló ń gbé kiri láti ìgbà tí mo ti mọ̀ nípa rẹ̀, kò sì ní tà á fún ẹnikẹ́ni, torí òun ni ìdẹ rẹ̀.

Yóò gba bí ìdá méje nínú mẹ́wàá owó náà sílẹ̀. Ọjọ́ tó dá yóò yẹ̀, yóò tún yẹ̀. Nígbà tí àga bá wá dé, alẹ́ ni yóò jẹ́, pàápàá bí wọ́n bá ti mú iná lọ ní àdúgbò. Láílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi wé e látòkè délẹ̀. Awakọ̀ á máa kánjú, á ní kí wọ́n jọ̀ọ́ san owó tó kù, òun fẹ́ padà kí ọ̀nà tó dí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù yóò wá jáde lẹ́nu ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: "Mọ́mì, ẹ má tíì tú láílọ́ọ̀nù yẹn o. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan." Ẹ jọ̀wọ́, gọ́ọ̀mù tí à ń lò kì í gba ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbẹ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ kó kọjá, kí ẹ lè pe ìpè yín nígbà tí owó ti wọ àpò wọn tán, kí wọ́n sì lè sọ pé ẹ ti lò ó.

Obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì ló mú kí n pinnu láti kọ ọ̀rọ̀ yìí. Òun àti ọkọ rẹ̀ san 280,000 náírà fún àga ènìyàn mẹ́ta kan àti àga ẹnìkọ̀ọ̀kan méjì. Owó àjọ ni. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ń jókòó lé e tí àárín àga náà fi jìn, tí igi sì ń gún ẹni tó bá jókòó. Nígbà tí wọ́n pe ọkùnrin náà, ó ní àwọn ọmọ ló ń fò lórí ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa!

Mo dojú àga náà délẹ̀ lójú wọn, mo sì fi ọ̀bẹ la aṣọ dúdú tó wà nídìí rẹ̀. Fóòmù gidi tó wà níbẹ̀ kò ju bí ínǹṣì kan lọ, òkè pátápátá ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Abẹ́ rẹ̀ kún fún àjákù fóòmù aláwọ̀ oríṣiríṣi, àwọn kan ti pọ́n, àwọn kan ti ń rún, pẹ̀lú àgékù aṣọ àwọn télọ̀ àti àpò ìrẹsì tí wọ́n ká mọ́ra. Rọ́bà tó yẹ kí á ta ní ìbú àti ní òòró, kí ó hun mọ́ ara wọn lábẹ́ fóòmù, okùn méjì péré ni wọ́n ta, wọn kò sì fà á le. Ibi tí à ń gbé apá lé, páálí ni. Wọ́n tẹ páálí, wọ́n fi fóòmù fẹ́lẹ́ bò ó, wọ́n fi aṣọ dì í.

Igi rẹ̀ ló bí mi nínú jù. Pákó tí àwọn bíríkìlà ti fi da dẹ́kì ni. Sìmẹ́ńtì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára, ojú ìṣó àtijọ́ wà níbẹ̀ káàkiri, omi sì ti jẹ ibòmíràn lára rẹ̀. Nígbà tí mo gbọn igi kan báyìí, ìyẹ̀fun dà sílẹ̀. Ìyẹn ni pé kòkòrò ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé Ìyá Ìbejì. Ẹni tó bá ní ilé tuntun, tó ti ra ilẹ̀kùn àti igi òrùlé, kí ó ronú sí ohun tí kòkòrò yẹn lè ṣe bó bá kúrò lára àga tó sì rìn dé ara àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. Ìrókò ni ọkùnrin náà pè é fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ìrókò rí, ẹ mọ̀ pé ó wúwo. Arèrè àti àràbà ló máa ń fúyẹ́ báyẹn, àwọn ni kòkòrò sì tètè ń jẹ. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀dà kun ẹsẹ̀ àga, gbogbo igi ni ojú ẹni tí kò mọ̀ yóò rí bákan náà.

Mo fẹ́ kí n sọ èyí dáadáa kí n má baà ba iṣẹ́ àwọn olóòótọ́ jẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gba owó sílẹ̀ ni olè. Kápẹ́ńtà tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ kì í sábà ní owó pákó àti fóòmù nílẹ̀, owó oníbàárà ló fi ń rà á. Kì í sì í ṣe dandan kí àga jẹ́ ìrókò. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè lo ọ̀mọ̀, ayùnrẹ́ tàbí àfàrá, bí ó bá ti gbẹ, àga náà yóò sì pẹ́ nílẹ̀. Pákó kò tilẹ̀ jìnnà sí wa mọ́ bíi tìgbà tó jẹ́ pé Òkóbàbá ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà nìkan ni gbogbo ènìyàn ń pè, torí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣètò ibùdó pákó sí Àgbọ̀wà, ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín. Ẹ lè bá kápẹ́ńtà yín lọ ra pákó fúnra yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ṣe àga tuntun dì mú ni èyí: ẹ lọ wo àga náà nígbà tó ṣì wà ní ìhòòhò. Kí wọ́n tó fi fóòmù àti aṣọ bò ó, ẹ dé ibẹ̀. Ẹ wo igi, ẹ fọwọ́ tẹ rọ́bà, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ fi bírò fọwọ́ sí ara igi níbi tí ẹ ti lè rí i padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e wá. Kí ẹ sì pín owó náà: apá kan fún pákó, apá kan nígbà tí ẹ bá ti rí igi tó dúró tí ẹ sì rí fóòmù, ìyókù nígbà tó bá wọ pálọ̀ yín ní ojúmọmọ, láìsí láílọ́ọ̀nù. Kápẹ́ńtà olóòótọ́ kò ní bínú sí i. Inú tiwa máa ń dùn bí oníbàárà bá wá wo igi, nítorí ibẹ̀ ni làálàá wa wà, aṣọ sì ti máa ń bò ó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ má wá, tàbí tó ń sọ pé ibi iṣẹ́ òun jìnnà, ẹ gba owó yín lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ lọ.

Bó bá jẹ́ èyí tó ti parí ni ẹ fẹ́ rà, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí igun kan aṣọ dúdú ìdí rẹ̀, pín-ìn-nì mélòó kan ni wọ́n máa yọ, wọn á sì dá a padà. Ẹ fi ìka kan apá rẹ̀, páálí máa ń dún yàtọ̀ sí igi. Ẹ wo bóyá tìmùtìmù rẹ̀ ní síìpù. Ọ̀pọ̀ àga tí mo ti là tó jẹ́ àkísà ló wà nínú wọn, ṣe ni wọ́n rán an pa. Awọ tí wọ́n ń pè ní ojúlówó ní owó pọ́ọ́kú yẹn, rọ́bà ni, yóò bó nínú ooru wa yìí. Aṣọ tó nípọn sàn ju u lọ fún ẹni tó ń ṣọ́ owó ná.

Ti fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì burú ju ti àga lọ nítorí ìlera. Wọ́n ń ra fóòmù tí àwọn ènìyàn ti sùn lé fún ọdún gbọọrọ, wọ́n ń rán aṣọ tuntun tó ń dán bò ó, wọ́n á ní tuntun ni. Mo ti rí èyí tí ìdun wà nínú rẹ̀. Ìdun tó bá ti wọlé kì í rọrùn láti lé jáde. Ẹ ra fóòmù lọ́dọ̀ ẹni tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é mọ̀ sí aṣojú wọn, kódà bó bá jẹ́ kékeré ni owó yín ká. Ẹ sùn lórí fóòmù tó dára lórí ilẹ̀ títí ẹ ó fi ní owó bẹ́ẹ̀dì. Bákan náà ni àga: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan tó dúró ṣinṣin, kí èyí tó kù máa tẹ̀lé e. Bí ẹ bá ní àga àtijọ́ tí igi rẹ̀ ṣì le, ẹ má jù ú nù, fóòmù àti aṣọ tuntun yóò sọ ọ́ di ọ̀tun ní owó tó kéré sí ti tuntun.

Ó tún ní ọ̀nà kan tó bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ẹnìkan fẹ́ jápa, ó ń ta gbogbo ẹrù ilé rẹ̀ kíákíá, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ gbà á. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sórí àwòrán. Ẹni tó ń jápa ní tòótọ́ yóò jẹ́ kí ẹ wọ ilé òun, kí ẹ jókòó lórí àga òun, kí ẹ sì gbé e lọ lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá sanwó.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin àpapọ̀ lórí ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, sọ pé ẹni tó bá ń ta ọjà tí wọ́n ti lò tàbí tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀. Ọjà tí wọ́n fi àpẹẹrẹ tà gbọ́dọ̀ bá àpẹẹrẹ náà mu. Ìdí nìyí tí rìsíìtì fi ṣe kókó. Kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ "àga 1" sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ irú igi, ínǹṣì fóòmù, irú aṣọ, ọjọ́ tí yóò parí, iye tí ẹ san àti iye tó kù. Orúkọ tó wà lórí rìsíìtì gbọ́dọ̀ bá orúkọ àkáǹtì tí ẹ san owó sí mu. Ti ọkùnrin yìí kì í bára mu láéláé.

Ẹni tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí lè gbé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ LASCOPA, àjọ tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà, tàbí FCCPC tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Láti ọdún 2018 náà ni ilé ẹjọ́ Small Claims ti wà ní Èkó lábẹ́ àwọn ilé ẹjọ́ májísíréètì, fún owó tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, kò sì pọn dandan kí ẹ gba lọ́yà. Ẹ ó kọ́kọ́ kọ ìwé béèrè owó yín lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó gbé e lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti san owó sílẹ̀ báyìí tí ẹ ń dúró de àga, ẹ má san ìyókù. Ẹ tètè lọ, ní ọ̀sán, kí ẹ mú ẹnìkan tó mọ igi dání, kí ẹ sì ní ẹ fẹ́ rí ibi tí iṣẹ́ dé. Bí wọn kò bá rí igi yín fi hàn yín, ẹ kọ ìwé béèrè owó yín lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ pa ẹ̀dà kan mọ́ pẹ̀lú rìsíìtì, àwòrán àga tí wọ́n fi hàn yín àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp. Ẹ má pa ìkankan rẹ́. Bí ó sì jẹ́ pé àga ti dé, tí ẹ kò tíì tú láílọ́ọ̀nù rẹ̀, ẹ tú u nísinsìnyí, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ ya àwòrán ohun tí ẹ bá bá nínú rẹ̀ kí ẹ tó pè é.