Lund, ìlú tí tọkọtaya lè fẹsẹ̀ rìn já

Ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wa ló gbé èmi àti Bàbá Ìbejì lọ sí Lund, ìlú yunifásítì ní gúúsù Sweden. A fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ màmá mi ní Lọ́ńdọ̀nù, a lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, a padà lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì Stockholm o, ibẹ̀ jìnnà. Copenhagen ní Dẹ́nmáàkì ló sún mọ́ ọn: rélùwéè wà ní pápákọ̀ òfuurufú gan-an, ó gba orí afárá Öresund sọdá òkun, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, ẹ ti dé.

Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni ọkọ mi ń lò, nítorí náà ó gba fisà Schengen, fisà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọ Sweden, Dẹ́nmáàkì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn. Sweden la ti fẹ́ sùn, Sweden la sì kọ̀wé sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dẹ́nmáàkì ni báàlù balẹ̀ sí. Ọlọ́pàá wọ rélùwéè wa wá yẹ ìwé wò lẹ́yìn afárá, ẹ jẹ́ kí tiyín wà nítòsí.

Nítorí aago inú kàtídírà nìkan, mo tún lè lọ lọ́la. Láti nǹkan bí ọdún 1424 ló ti wà. Aago 12 àti aago 3 ọ̀sán ló máa ń ṣeré, àfi ọjọ́ Ìsinmi tó jẹ́ aago 1 àti 3. A pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó ti parí ká tó wọlé, la bá padà wá ní aago 3. Lókè pátápátá, jagunjagun méjì lórí ẹṣin fi idà lu ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Orin dún. Ilẹ̀kùn kékeré kan ṣí, àwọn ọba mẹ́ta tí wọ́n fi igi gbẹ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹrí ba fún Màríà àti Ọmọ, wọ́n gba ilẹ̀kùn kejì wọlé. Ọkọ mi tí kì í di ọwọ́ mi mú níta dì í mú, kò tú u sílẹ̀ títí a fi sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Abẹ́ yẹn dàgbà ju aago lọ, ọdún 1123 ni wọ́n ya pẹpẹ rẹ̀ sí mímọ́. Ère òkúta kan dì mọ́ òpó níbẹ̀. Finn ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní òmìrán ni, òun ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà fún Lọ́ránsì Mímọ́. Bí Lọ́ránsì kò bá mọ orúkọ òmìrán náà, ojú ara rẹ̀ méjèèjì ni yóò fi san owó iṣẹ́. Àfi bí ìyàwó òmìrán ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún, tó dárúkọ ọkọ nínú orin! Mo dúró níwájú òpó yẹn bí ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́.

Hòtẹ́ẹ̀lì ló dùn mí. Ibùsùn ńlá kan ni mo rí nínú àwòrán kí n tó sanwó. Kéékèèké méjì ni wọ́n tì pọ̀, àárín sì là gbàgà. Wọ́n ní kò sí yàrá mìíràn. Ẹ kọ̀wé béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.

Oúnjẹ alẹ́ gbówó lórí. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ jẹun yó, níbi tí wọ́n bá kọ «dagens lunch» (oúnjẹ ọ̀sán òní) sí: sàláàdì, búrẹ́dì àti kọfí sábà máa ń wà nínú owó kan náà. Káàdì ni gbogbo wọn ń gbà. Krona, owó Sweden, tí a ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù la tún gbé padà. Ọ̀fẹ́ ni ọgbà ewéko yunifásítì, ibẹ̀ la jókòó sí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi.

Mo ra spettekaka fún màmá mi, kéèkì ilẹ̀ Skåne (agbègbè tí Lund wà) tí wọ́n ń fi ẹyin, ṣúgà àti ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún ṣe, tí wọ́n ń dà yí igi ká lẹ́bàá iná. Ó ga, ó gbẹ, orí itan ni mo gbé e lé nínú báàlù. Ó ti rún wómúwómú ká tó délé. Màmá fi ṣíbí bù ú jẹ, wọ́n ní ìgbà wo la tún ń lọ.