Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Fín Àmì-Ẹ̀yẹ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣómólú

Ní Ṣómólú, ní ìlú Èkó, níbi tí ilé ìtẹ̀wé ti pọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ni ṣọ́ọ̀bù kan ti bá wa ṣe àmì-ẹ̀yẹ fún àwọn ọmọ SS3 wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò WAEC. Ife-ẹ̀yẹ eré ìdárayá tí ṣọ́ọ̀bù náà ṣe wúwo lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ sì fìdí múlẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo yìn jù ni pé wọ́n fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí orúkọ àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ ọ́ fún wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń fò dá, tí orúkọ ọmọ á sì di ti ẹlòmíràn.

Ibi tí wọ́n kù sí ni àwòrán. Ẹni tó sáré àti ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ní àwòrán tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń lu dùndún, èyí tó mọ àwòrán yà, àti olórí akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá, ìràwọ̀ kan náà ni wọ́n gbé fún gbogbo wọn, bí ẹni pé eré ìdárayá nìkan ni iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán ìlù, ẹ óò san owó lé e. Mẹ́dàlì wọn kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ọ̀dà wúrà ara rẹ̀ ń ṣí. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè fún àpẹẹrẹ lórí bébà, torí pé ohun tí ẹ̀rọ lésà bá ti fín kì í ní àtúnṣe.