Okùn USB sí serial: iṣẹ́ dára, ẹnu rẹ̀ ló dẹ̀ jù

Okùn yìí ń so ihò USB kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ní serial, ìyẹn bíìtì kan tẹ̀lé òmíràn. Bí mo ṣe ki í bọ kọ̀ǹpútà mi tó ń lo Linux, kernel (ọkàn Linux) dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, /dev/ttyUSB0, fáìlì tó dúró fún okùn náà, sì yọjú. N ò wá dráífà kankan kiri. Àmọ́ ìyára 9600 (bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni tty yẹn fi bẹ̀rẹ̀, 115200 sì ni bọ́ọ̀dù mi, kọ̀ǹpútà kékeré tí mo so mọ́ okùn náà, ń sọ. Ni ọ̀rọ̀ bá ń jáde wúruwùru bíi ti ọ̀mùtí. Mo fi stty, àṣẹ tó ń yí ètò tty padà, tún un ṣe. Síbẹ̀, tí mo bá fi cat (àṣẹ tó ń ka fáìlì jáde) kà á, "login:" tí bọ́ọ̀dù fi ń béèrè orúkọ kì í yọ! Ẹ má bú okùn o: line discipline inú kernel, apá tó ń to ọ̀rọ̀ tó bá wọlé, ló mú un dání, ó ń dúró de òpin ìlà. Mo fi "raw" (kó má dúró de òpin ìlà mọ́) kún stty, ó yọ. Ẹnu okùn ni mo bínú sí: tábìlì mì díẹ̀, ó já, ó padà wá bíi ttyUSB1.